Orúnkún ló ń jèrè jù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú yàrá tí ọ́síjìn rẹ̀ kò pọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ìdí tí a fi ń ní kí ẹni tó sanra jù máa rìn lórí treadmill, ẹ̀rọ ìrìn, níbi tí ọ́síjìn kò ti pọ̀, orúnkún ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ, kí ẹ tó kan ọ̀rá.

Ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ọ́síjìn. Nínú yàrá wa, ẹ̀rọ máa ń dín in kù sí nǹkan bí 15, bíi pé a gbé ènìyàn lọ sórí òkè tó ga tó 2,600 mítà. Ẹni náà kò ní sáré rárá. Ìrìn pẹ̀lẹ́ tí kò ni orúnkún lára ló máa rìn, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, òógùn á bò ó. Àwọn olùwádìí kan ní Jámánì tẹ èsì jáde ní 2010: eré ìdárayá ìṣẹ́jú 60, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 4. Iṣẹ́ àwọn tó mí ìdá 15 fúyẹ́ ju tàwọn tó mí afẹ́fẹ́ lásán lọ, àmọ́ agbára wọn lékún bákan náà.

Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n kó ọkùnrin 20 tó sanra lọ gbé lórí Zugspitze, òkè gíga kan ní Jámánì, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ̀n wọn dín kù díẹ̀ láìṣe eré ìdárayá kún tiwọn. Ẹ má torí ìyẹn ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni o! Oúnjẹ wọn ló dín kù gan-an.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi há ìka láti ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé, lára aláwọ̀ dúdú, àìtó ọ́síjìn máa ń fara pa mọ́ fún un ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, ẹ wo inú ètè bóyá àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, kí ẹ sì máa bá ẹni náà sọ̀rọ̀. Bí kò bá lè parí gbólóhùn kan láì mí gúlegúle, ẹ dá ẹ̀rọ ìrìn dúró, ohun yòówù kí nọ́ńbà sọ.

Ẹ béèrè genotype kí ẹ tó béèrè ìwọ̀n. Àìtó ọ́síjìn ló ń ká sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, nítorí náà SS kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn. AS ńkọ́? Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ní Nàìjíríà ni. Dókítà ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bí ìhà òsì rẹ̀ bá sì ń dùn ún lórí ẹ̀rọ, ẹ gbé e jáde sínú afẹ́fẹ́ gidi, kí ẹ mú un dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.