Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ òdòdó tí mo fojú ọmọdé wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra àtilọ ṣèwádìí ewéko lórí òkè gíga, ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Orí òkè Rocky ní Colorado, ní Amẹ́ríkà ni, níbi tí òkè ga dé tí igi ò lè hù mọ́. Mo rí ewéko kan tó ń jẹ́ Silene acaulis láàárín òkúta. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi tìmùtìmù, òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, àwọ̀ píńkì. Gbogbo rẹ̀ ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ọmọ ewéko, bóyá ti èṣí." Ọ̀gá mi kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n rọra, ẹni tí mo ń pè lọ́mọ lè jù mí lọ.

Ewéko yìí kì í kánjú rárá. Ó lè lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́. William Morris àti Daniel Doak, tí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀ ní Alaska, ṣírò rẹ̀ pé èyí tó tóbi jù nínú wọn lè ti lé ní 300 ọdún. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń náwó sí: gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ ju mítà kan lọ nígbà tí orí rẹ̀ ò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Bó ṣe káwọ́ kásẹ̀ jọ yẹn, afẹ́fẹ́ òkè ò rí i gbé, oòrùn sì ń mú inú rẹ̀ móoru ju ìta lọ. Ewé tó bá kú kì í fò lọ, inú tìmùtìmù náà ló ń jẹrà sí, tó ń di ilẹ̀ fún un. Àwọn ewéko mìíràn gan-an máa ń wá hù láàárín rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ò pẹ́ dé. Mo ń ka èso láìyẹ inú òdòdó wò. Àwọn kan nínú ewéko yìí jẹ́ abo nìkan, àwọn yòókù ní takọtabo pọ̀, àwọn abo ló sì sábà máa ń so jù. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tún ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹni tó ń wo òdòdó yìí láti òòró. (Wọ́n á sọ fún yín pé ìhà gúúsù ló ti kọ́kọ́ ń tanná, pé ẹ lè fi mọ ọ̀nà. Ẹ mú kọ́ńpáàsì yín dání o.)

Ẹ má sì kánjú kéde pé ooru ayé ti ń pa á run, tàbí pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ní 2010, Doak àti Morris kọ ọ́ pé níhà gúúsù gbogbo ibi tó ti ń hù, níbi tó ti móoru jù, ewéko tó ń kú pọ̀ sí i, àmọ́ èyí tó yè ń yára dàgbà, ìyẹn sì ń dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n nínú ọdún tó gbóná jù, ìdàgbàsókè ọ̀hún náà á lọ sílẹ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lọ́dún kan péré ò lè rí ìyẹn.

Bí ẹ bá ń rìn níbẹ̀, orí òkúta ni kí ẹ máa tẹ̀.

Mo padà sídìí ewéko tèmi yẹn lọ́dún kejì pẹ̀lú rúlà. Iye tí mo kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni mo tún kọ.