Wákàtí Mi Ni Mo Fi Ń San Owó Ilé Yìí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá Bódìjà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Wọ́n kọ́kọ́ kì mí, wọ́n wúre, kí wọ́n tó wá débi ọ̀rọ̀: "Àbẹ̀kẹ́ mi, mo ti bá ìyá ọmọ tó ń bọ̀ wá kàwé lọ́dọ̀ yín sọ̀rọ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ìwọ ni wọ́dìn níbẹ̀. Tí ọmọ bá ti dé ní oṣù kẹjọ, ṣáà fún un ní ọ̀kan nínú àwọn yàrá tó wà lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Kì í ṣe torí pé wọ́n bẹ̀ mí lóore, torí pé ọdún kẹta rè é tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ bíbójú tó ilé akẹ́kọ̀ọ́ yìí, tí àwọn ará ilé mi kò sì tíì mọ ohun tí mò ń ṣe. Lójú tiwọn, mo rí ilé ọ̀fẹ́ gbé ní Amẹ́ríkà, mo tún wá dọ̀gá lé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lórí.

Mo mọ ibi tí Màmá ti rí i. Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ti kàwé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Queen Elizabeth Hall ni wọ́n sì gbé. Olùkọ́ àgbà ni wọ́dìn láyé ìgbà náà, ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ọ̀nà mìíràn fún. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé sì lágbára débi pé ẹ̀mí bá a lọ: oṣù kejì ọdún 1971 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ Nnamdi Azikiwe Hall, ìbọn ọlọ́pàá sì pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù. Títí di òní, ohùn Màmá máa ń lọ sílẹ̀ tí ìtàn bá dé ibẹ̀.

Tèmi kò jọ tiwọn. Ìpínlẹ̀ Michigan ni mo wà, mò ń kàwé láti gboyè ọ̀mọ̀wé, ilé àwọn tó ti gboyè àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀ ni mo sì ń gbé. Àwọn kan ń dá gbé, àwọn kan wà pẹ̀lú ọkọ tàbí aya àti ọmọ wẹ́wẹ́. Yunifásítì a máa mú díẹ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń gbé ibẹ̀ pé ká máa bójú tó àwọn yòókù. Tó bá di alẹ́ tó kàn mí, fóònù iṣẹ́ á wà lọ́wọ́ mi títí ilẹ̀ á fi mọ́: ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé, ẹni tí omi ń jò lé lórí láti òkè, ẹni tí ariwo kò jẹ́ kó sùn. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Wọn kì í gba owó ilé lọ́wọ́ mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a fi físà F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, wọlé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lọ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Iṣẹ́ ilé yìí ti kó 10 nínú rẹ̀. Wákàtí tí mi ò lè fi wá owó níbòmíràn mọ́ ni mo fi ń san owó ilé yẹn, mo sì ń san án pé.

Ti Nàìjíríà, ẹ̀yin tí ẹ gbé họ́sítẹ̀lì rí ò nílò kí n sọ púpọ̀. Yàrá ẹni mẹ́rin, a jẹ́ mẹ́jọ nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ la ti ń pọnmi gòkè. Iná ń ṣe ségesège. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó di oṣù kẹwàá kó tó parí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń ká mi lára níbí ni ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ibí wúwo. Irin kan wà lókè rẹ̀ tó ń fà á padà. Bí o bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, á pa ara rẹ̀ dé, á sì ró gbìì. Òfin iná ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, kí èéfín má bàa ráyè bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ mi ni pé tí mo bá ń rìn káàkiri, tí mo bá rí ẹni tó fi bàtà há ilẹ̀kùn rẹ̀ kó lè wà ní ṣíṣí, kí n ní kó yọ ọ́. Àlejò tuntun ló sábà máa ń jẹ́, tó ti ibi tí wọn kì í tilẹ̀kùn mọ́ ara wọn wá. Á tẹríba, á yọ bàtà rẹ̀, ilẹ̀kùn á sì pa dé láàárín èmi àti ẹ̀.

Níbi tí mo ti wá, kọ́tìnì ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Bí o bá ń sunkún, ẹni tó ń kọjá á gbé e sókè, á ní, "Kí ló dé? Ta ló ṣe ẹ́?" Bí ibà bá mú ọ lóru, kó tó di ọ̀sán, ẹnì kan á ti lọ ra oògùn, ẹlòmíràn á ti po ẹ̀kọ gbígbóná, ẹnì kẹta á sì ti pe ìyá rẹ láìgbàṣẹ. N kò ní àṣírí kankan fún ọdún mẹ́rin. Ó máa ń bí mi nínú nígbà náà. Mo máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní yàrá tèmi nìkan, tí màá lè tì. Ó ti fún mi.

Ọjọ́ tí aago iná bá ké nìkan ni gbogbo wa máa ń pàdé. Ẹnì kan á din ata, èéfín á ta sí aago, gbogbo ilé á tú síta. Ní oṣù kìíní, aago méjì òru, a wà nínú yìnyín, ọmọdé nínú kúbùsù, àgbà nínú sálúbàtà, à ń retí ọkọ̀ panápaná. Ọkùnrin kan yíjú sí ẹni tó dúró tì í, ó bi í pé yàrá wo ló ń gbé. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà wọn. Ọdún kan àtoṣù mélòó kan ni wọ́n ti jọ wà níbẹ̀.

Ìgbà òtútù tó ṣáájú ìyẹn ni fóònù iṣẹ́ dún ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Ìyá kan ló pè láti orílẹ̀-èdè wọn, níbi tí ọ̀sán ti pọ́n. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò já gaara, ṣùgbọ́n mo gbọ́ wọn yé: ọjọ́ mẹ́rin rè é tí ọmọ wọn kò gbé fóònù. Wọ́n sọ nọ́ńbà yàrá. Àjà kan náà la wà.

Mo lọ. Mo kànlẹ̀kùn, mo kànlẹ̀kùn. Ìwé ìpolówó oúnjẹ kan tí wọ́n há sẹ́nu ilẹ̀kùn gbogbo wa láti ọjọ́ Ajé ṣì wà lẹ́nu tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mi ò tíì dárí ìyẹn ji ara mi.

Wọn ò fún wa láyè láti ṣílẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Mo pe ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló pe ọlọ́pàá ọgbà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọmọbìnrin náà wà ní ìjókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, ó ti ta aṣọ bo fèrèsé, fóònù tó ti kú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wà láàyè. Ìdánwò tó yẹ kó yege kó tó lè máa bá ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lọ ló já a, kò sì mọ ẹni tí ì bá sọ fún.

Ìyá rẹ̀ tún pè. Wọ́n ti kọ́ wa pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, pé a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún òbí. Òfin Amẹ́ríkà kan tó ti wà láti 1974, FERPA, ni wọ́n máa ń kà sí wa létí. Ìyá ń bi mí pé ọmọ òun ńkọ́, èmi tí ìyá bí náà kò sì gbọdọ̀ dá wọn lóhùn. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, mo na fóònù sí i. Mo ní ìyá rẹ̀ ni. Ó wò mí títí kó tó gbà á. Èdè tí mi ò gbọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yé mi.

Lẹ́yìn tí mo kọ ìjábọ̀ tán, wọ́n ní iṣẹ́ mi ti parí, pé ó ku ti àwọn agbaninímọ̀ràn. Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un ní ọjọ́ kejì. Aládùúgbò rẹ̀ ni mí kí n tó di òṣìṣẹ́ wọn.

Láti ìgbà náà, mo yí ohun tí mò ń ṣe ní ọjọ́ Ẹtì padà. Tẹ́lẹ̀, pizza ni mo máa ń fi owó tí wọ́n fún wa rà. Wọ́n á bù ú, wọ́n á wọlé lọ. Ní báyìí, ìsàlẹ̀, ní ibi ìdáná gbogbogbò, ni mo ti ń din púfúpúfú. Púfúpúfú kì í yá. Èèyàn ní láti dúró kó pọ́n, ẹni tó bá sì dúró, ẹnu rẹ̀ á là. Ọmọbìnrin yẹn ló ń bá mi yí i nínú òróró báyìí.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò kó ẹrù mi padà sílé tó bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Oyè kejì tó yẹ kí n fi ọdún kan ààbọ̀ gbà nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún mẹ́rin. Ẹni tí ohun tí kò parí máa ń gbà lóorun ni mí. Níbí, mo mọ ọjọ́ tí mo máa parí, mo sì lè fìka kà á. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí àwùjọ èèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ló yẹ ẹ́, mi ò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi, tí mo bá kó jáde nínú ilé yìí, ta ni yóò máa wo ìwé ẹnu ilẹ̀kùn? Mo ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá ọmọ náà pé kò sí yàrá lọ́wọ́ mi. Ìwọ̀nba òru díẹ̀ ni wọ́n gbà kí àlejò sùn lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá ká a mọ́ mi lọ́wọ́ pé ó ń bá mi gbé, èmi náà á kó jáde. Kó wá ilé fún ọmọ rẹ̀ láti ìsinsìnyí, kó sì ra ẹ̀wù òtútù tó nípọn fún un. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọmọ náà, màá lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ibi yòówù kó gbé nínú ìlú yìí, màá máa lọ kànlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ sì bá mi fún ìyá rẹ̀ ní nọ́ńbà mi, nọ́ńbà tèmi gan-an, kì í ṣe ti iṣẹ́.