Òfin àṣàyàn nínú D&D: ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó máa pàdánù

Ẹni tó bá ti ta lúdò ní àdúgbò mẹ́ta á mọ̀ pé òfin ilé kan kì í bá ti ilé kejì mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dungeons & Dragons (D&D) rí, eré orí tábìlì tí olúkúlùkù ti ń ṣe akọni kan nínú ìtàn, tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tó fẹ́ ṣe á yọrí. Àwọn ìwé òfin ti 2014 kún fún òfin tí ẹ lè lò, tí ẹ sì lè pa tì. Kódà feat (ẹ̀bùn àkànṣe tí akọni lè yàn) àti multiclass (kí akọni kan ṣe ju iṣẹ́ kan lọ), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dandan ni, òfin àṣàyàn ni wọ́n nínú ìwé yẹn. Ohun tí mo kọ́ nídìí ṣíṣe DM (ẹni tó ń darí eré) ni pé òfin wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Nǹkan tí ẹ bá fẹ́ pín fún gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òfin àṣàyàn tó ń jẹ́ flanking. Bí ẹni méjì bá há ọ̀tá kan sáàárín, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwọn méjèèjì ní advantage: wọ́n á ju dáìsì olójú 20 lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á mú èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó nílò 11 kí ọwọ́ rẹ̀ tó ba ọ̀tá, nínú ìgbà 100, ìgbà 50 ló ń bà á tẹ́lẹ̀. Ó ti di 75. Kí ló ná an? Ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan péré. Barbarian, jagunjagun oníbìínú, ńkọ́? Láti ipele kejì ló ti ní Reckless Attack tó ń fún un ní advantage yìí kan náà, àmọ́ ó ń sanwó rẹ̀: àwọn ọ̀tá náà á ní advantage lára òun títí tó fi máa tún kàn án. Advantage méjì kì í sì í ju ọ̀kan lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ gba flanking wọlé lẹ ti sọ ọ̀kan nínú ohun tó dára jù lọ́wọ́ Barbarian di nǹkan tí kò níye lórí. Pack Tactics, tó ń fún ìkookò àti kobold (ẹ̀dá kékeré kan) ní advantage bí ẹlẹgbẹ́ wọn bá wà nítòsí ẹni tí wọ́n ń bá jà, náà bá a lọ.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ gan-an ni kí òfin àṣàyàn méjì pàdé. Great Weapon Master, feat kan nínú ìwé 2014, ní kí ẹ yọ 5 kúrò nínú ohun tí dáìsì bá fún yín, kí ẹ fi 10 kún ìpalára. Ẹ mú idà ńlá, 2d6 (dáìsì olójú mẹ́fà méjì), pẹ̀lú 4 ti agbára: ìpalára rẹ̀ jẹ́ 11 ní ìpíndọ́gba. Bó bá nílò 11 láti bà, tí kò lo feat náà, 5.5 ló ń rí lórí ìjù kọ̀ọ̀kan. Bó bá lò ó, á nílò 16, ìpalára á di 21, ìpíndọ́gba á sì jẹ́ 5.25. Ó pàdánù díẹ̀, ìyẹn ni pé ó ní láti ronú kó tó lò ó. Ẹ wá fi flanking lé e: láìlo feat, 8.25, pẹ̀lú feat, nǹkan bíi 9.2. Kò sí ìrònú mọ́. Gbogbo ìgbà ni yóò máa lò ó. (Mi ò ka critical, àfikún ìpalára tí 20 ń mú wá, mọ́ ọn o, kí ìṣirò má bàa gùn.)

Bí àwọn òṣèré yín bá fẹ́ràn flanking, ẹ fún wọn ní +2 dípò advantage. Great Weapon Master á ṣì borí, 7.35 sí 6.6, àmọ́ kò ní dé 9.2, Reckless Attack á sì níye lórí nítorí pé ó máa ń dàpọ̀ mọ́ +2.

Òfin pé ẹni tó bá ju 1 á ṣe àṣìṣe ńlá, kí idà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kó gún ọ̀rẹ́ rẹ̀, èmi ò gbà á láyè rárá. Fighter ipele 11 ń kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àǹfààní pé ó kéré tán 1 kan á jáde jẹ́ nǹkan bíi 14 nínú 100. Ní ipele 20, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni, ó ti tó 18.5. Bó ṣe ń gbóná sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Wizard, onídán, tó ju Fireball (idán iná) ńkọ́? Àwọn ọ̀tá ló ń ju dáìsì, kò lè ṣàṣìṣe láéláé. Bí wọ́n bá bẹ̀ yín títí, kó jẹ́ ìjù àkọ́kọ́ nìkan nígbà tó bá kan ẹni náà.

Ti ìsinmi ló le jù. Ìwé 2014 gbà pé ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ á wáyé kí wọ́n tó sùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ tábìlì ń ja ọ̀kan tàbí méjì. Wizard á ná gbogbo idán rẹ̀ tán lórí wọn. Warlock, onídán mìíràn tí ìsinmi kúkúrú ń dá tirẹ̀ padà, á jókòó máa wòran. Òfin àṣàyàn tó ń jẹ́ Gritty Realism ń tún èyí ṣe: ìsinmi kúkúrú di wákàtí 8, ti gígùn di ọjọ́ 7. Ó dára fún ìrìn àjò tí ìjà ti jìnnà síra. Ẹ má gbé e wọ inú ihò tí wọ́n ti máa jà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ kan. Ẹ sì ṣọ́ nǹkan méjì. Mage Armor, idán tó ń dáàbò bo ara, ń lo wákàtí 8, kò ní dé ìjà kejì mọ́. Ẹ mú un gùn títí di ìsinmi gígùn. Ohun idán tó ń gba agbára padà láàárọ̀, bíi Wand of Magic Missiles (ọ̀pá idán kan), máa rí àárọ̀ méje kí Wizard tó rí ìsinmi kan. Ẹ pa “láàárọ̀” rẹ́, kí ẹ kọ “lẹ́yìn ìsinmi gígùn”.

Mímu oògùn ìwòsàn pẹ̀lú bonus action (ìṣe kékeré tí ẹ lè fi kún ìṣe gidi) kò le rárá. 2d4+2 péré ni, ìwé 2024 alára sì ti gbà á wọlé.

Òfin kan ṣoṣo ni kí ẹ fi wọlé lẹ́ẹ̀kan, fún ìjókòó mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú, kó má jẹ́ àárín ìjà. Ẹ kọ ìyípo tí ìjà kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, àti ẹni tó bọ́ sí 0. Bí ìjà tó ń gba ìyípo mẹ́rin tẹ́lẹ̀ bá di méjì, ẹ mọ ohun tó fà á. Bí ẹ bá sì yọ òfin náà kúrò, ẹni tó ti torí rẹ̀ yan feat, ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.