Fóònù Ń Dún, Ẹ Ò Gbé E

Kọ̀ǹpútà kan wà nílé wa ní Kubwa tí ìyàwó mi ń pè ní orogún òun. IBM XT ni, irú èyí tó jáde lọ́dún 1983, irin gbáà. Níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù àtijọ́ dànù ni mo ti rí i he, mo sì fọ́nnu fún gbogbo ilé pé yóò jí.

Kò jí. Tí mo bá ti gbé bọ́tìnì pupa ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, fáànù á mi ẹ̀ẹ̀kan, á dákẹ́. Páwà pákì rẹ̀, àpótí tó ń fún un níná, kì í bá ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn kí iná gba ibi tí kò yẹ kó gbà, ṣeré: tó bá ti kẹ́fín pé ọ̀kan wà níbì kan, ńṣe ló máa ń pa ara rẹ̀. Ó gbọ́n jù mí lọ, ẹ ó rí i láìpẹ́.

Mo yọ gbogbo káàdì tó wà nínú ihò mẹ́jọ rẹ̀. Ibi tó wà náà ló wà. Mo wá gbé tẹ́sítà, mo fi ẹnu kan kan ojú iná 12 fólítì, mo fi èkejì kan ara irin. Píììì! Tó bá ti dún báyẹn, ojú méjèèjì ti pàdé. Bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, pátákó tí gbogbo káàdì ń wọ̀, ló ṣọ́ọ̀tì.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́.

"Bàbá Dáre, fóònù yín ń dún o."

"Kì í ṣe fóònù, Mà. Tẹ́sítà ni."

Píììì.

"Ẹ ṣáà gbé e. Bóyá nǹkan pàjáwìrì ni."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fa ìyàwó mi sí kọ̀rọ̀: ta ló ń pe ọkọ ẹ tí kò lè gbé e níṣojú wa?

Mo mọ ẹni tí mo ń fura sí. Kapasítọ̀ tantalum kan ni, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ fún bọ́ọ̀dù, kókó kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ṣe roboto bí ẹyọ ẹ̀wà. Fólítì 16 péré ni agbára rẹ̀, ó sì ti ń gbé 12 sẹ́yìn bọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ tú u láìdá mi lójú. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn onímọ̀ máa ń dá: wọ́n á fi iná díẹ̀díẹ̀ sí ojú ọ̀nà tó ṣọ́ọ̀tì, wọ́n á wá máa fọwọ́ kàn án kiri. Èyí tó bá gbóná ni olè. Àwọn máa ń lo páwà tí wọ́n lè dín iná rẹ̀ kù. Èmi lo báàtìrì mọ́tò ìyàwó mi.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni. Mo so wáyà, mo na ìka. Ìka mi ò tíì débẹ̀.

Gbòà!

Iná pupa, èéfín, nǹkan kan ta bá sílíìnì. Alhaji ará ilé kejì ké láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Lafiya?" Mo ní, "Lafiya lau," tèmi tikọ́ ni. Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìró di àyà:

"Mo ní kí ẹ gbé e! Ẹ rí i bó ṣe wá bínú!"

Mo tún gbé tẹ́sítà. Kò dún mọ́. Olè ti jó ara rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Mo dá káàdì padà, mo gbé bọ́tìnì pupa sókè. Fáànù yí, kò dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní pí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ le. Kò sí dísìkì nínú rẹ̀, torí náà BASIC ló ṣí, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kọ "Ok" síbẹ̀, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo ní kó kọ MAMA E PELE. Ó kọ ọ́, ó tún kọ "Ok". Aago méjì òru ni mo tó sùn, mi ò sì pa á.

Láàárọ̀, ìyàwó mi múra ibi iṣẹ́, ó wọ mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò ní tíkì, kò ní tákà. Mo gbọ́ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Ó wọlé, ó wo báàtìrì rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ó wo kọ̀ǹpútà. Kò tilẹ̀ bojú wò mí. Kọ̀ǹpútà ló dojú kọ:

"Orogún mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó yá, gbé mi dé Wuse."

Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni "Ok".