Ohun tí mo kọ́ nígbà tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ wo fíìmù Duma

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ìyá ọmọ náà rí iṣẹ́ sí Àbújá, kò sì tíì ní ilé tí ó lè mú ọmọ lọ, nítorí náà ni ọmọ náà ṣe kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn. Mo rò pé mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe. Mo fún un ní yàrá tirẹ̀, mo ra aṣọ tuntun fún un, mo sì ta alùpùpù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kí n lè fi owó rẹ̀ kún owó ilé ìwé. N kò bi í léèrè kí n tó tà á. Ní ọjọ́ tí ẹni tí ó rà á wá gbé e, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a kò fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, fún nǹkan bí oṣù 3, kò bá mi sọ ju “ẹ káàárọ̀, Àǹtí” àti “ẹ ṣé, Àǹtí” lọ.

Fíìmù kan ni ó là wá lóhùn. Duma ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2005 ni ó jáde, Carroll Ballard sì ni olùdarí rẹ̀, ẹni kan náà tí ó ti darí The Black Stallion ní ọdún 1979 àti Fly Away Home ní ọdún 1996. Ìlú díẹ̀ péré ni wọ́n ti gbé e jáde ní sinimá ní Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Roger Ebert, ògbóǹtarìgì alátúpalẹ̀ fíìmù ní Chicago, yìn ín gidigidi. Ó dùn mí pé àwọn òbí tí wọ́n mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Èrò tèmi ni pé ìdákẹ́rọ́rọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n pariwo rẹ̀: kò sí ọ̀daràn tí a ń lépa nínú rẹ̀, kò sì sí ẹranko tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ọmọ kan, ẹranko kan, àgbàlagbà kan àti aṣálẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Xan àti bàbá rẹ̀ rí ọmọ cheetah kan lójú ọ̀nà, ìbátan àmọ̀tẹ́kùn tí kò sí ẹranko orí ilẹ̀ tí ó lè bá a sáré. Kò ní ìyá mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí oko wọn, wọ́n tọ́ ọ dàgbà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Duma, èyí tí í ṣe orúkọ irú ẹranko yìí ní èdè Swahili. Bàbá Xan mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn yóò dá Duma padà sí igbó, ṣùgbọ́n àìsàn pa á kí ọjọ́ náà tó dé, ìyá sì kó ọmọ lọ sí ìlú ńlá. Ní ìlú, kò sí ààyè fún cheetah. Ni Xan bá gbé alùpùpù bàbá rẹ̀ jáde, èyí tí ó ní ìjókòó onítáyà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé Duma sínú ìjókòó náà, ó sì forí lé aṣálẹ̀.

Ibi tí alùpùpù yẹn ti jáde ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti nà gbalaja lórí àga, ti dìde jókòó. Ó wù mí kí n sọ nǹkan. Mo wá dúpẹ́ lónìí pé mo pa ẹnu mọ́, èyí sì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ kú: bí ẹ bá jókòó ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nídìí fíìmù yìí, ẹ má ṣe sọ ọ́ di kíláàsì. Ẹ kàn jókòó súnmọ́ ọn. Ẹ ti fúnra yín wò ó ṣáájú, nítorí pé ikú bàbá náà kì í pẹ́ dé nínú ìtàn, ọmọ tí a kò múra sílẹ̀ fún un lè sá jáde kúrò ní pálọ̀. Ọ̀nì sì wà nínú odò tí wọ́n bá kọjá, nítorí náà èmi kò ní fi han ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7.

Nínú aṣálẹ̀, epo tán. Xan pàdé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ripkuna, èyí tí òṣèré Eamonn Walker ṣe, tí òun náà ti fi abúlé rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kò fọkàn tán ara wọn rárá, fíìmù náà kò sì fi ipá mú wọn fẹ́ràn ara wọn. Ripkuna mọ bí a ṣe ń wà láàyè níbi tí kò sí omi, ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà wọ́n ń lọ pọ̀. Ìgbà tí eṣinṣin tsetse, èyí tí ń gbé àìsàn oorun kiri, bu Ripkuna jẹ tí kò lè dìde mọ́, ni ó wá di ọwọ́ ọmọ láti wá ìrànlọ́wọ́ fún àgbàlagbà. Mo ronú sí ibẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dé ilé mi, èmi ni mo ń fún un ní nǹkan. N kò tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Nígbà tí fíìmù parí, ó bi mí pé, “Àǹtí, ṣé irú ẹranko yìí wà nítòsí wa?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín oṣù 3. A jọ wá a lórí fóònù mi. A rí i pé cheetah tí ó kù nínú igbó ní gbogbo àgbáyé jẹ́ nǹkan bí 7,000, àti pé díẹ̀ ṣì kù ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, nínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní W àti ti Pendjari. A kà pé ọmọ rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 18, kí ó tó mọ ọdẹ ṣe dáadáa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ̀yin lẹ ta alùpùpù Dádì mi.” Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe àṣìṣe, ó yẹ kí n bi í kí n tó tà á, kí ó jọ̀wọ́ dárí jì mí. N kò fi àlàyé kankan kún un. Ó sunkún, èmi náà sì sunkún.

Ẹ má ṣe rò pé fíìmù náà tún gbogbo nǹkan ṣe ní alẹ́ kan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí n mọ ibi tí mo lè gbà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbin kajú sí ẹ̀yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì máa ń mú ọmọ rẹ̀ dání lọ síbẹ̀. Igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Mo sọ fún ọmọ náà pé n kò mọ ọ̀nà oko náà, n kò mọ ààlà rẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tí a ń ká kajú. Òtítọ́ pátápátá ni mo sọ. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejì, nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, a wọ ọkọ̀ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó gba àdá lọ́wọ́ mi, ó bọ́ síwájú, ó sì ní kí n máa tẹ ibi tí òun bá tẹ̀, nítorí pé ìjàlọ máa ń gba ibẹ̀ kọjá, bàbá òun ni ó sì fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹra fún wọn han òun.