Èsúsú GPU wa ní Ìjẹ̀bú Òde

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀!

Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń ka owó GPU, ìyẹn ẹ̀rọ ìṣirò alágbára tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́kọ̀ọ́, téèyàn bá yá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là sì ni. O lò ó o, o ò lò ó o, tó o bá ti gbàgbé láti pa á, owó ń lọ. Lóṣù tó kọjá, oorun gbé mi lọ láìpa tèmi. Kí n tó jí, owó inú káàdì mi ti tán. Mo sunkún.

Màámi ni wọ́n bi mí pé, "Ẹ ò ṣe dá a bí èsúsú?"

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Àwa méje dáwó, a yá GPU kan tí wọ́n ń pè ní A100, tí ààyè ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 80. Ó ṣeé pín sí ọ̀nà méje, bíi gígábáìtì 10 sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ẹnì kan kì í dí tẹnì kejì lọ́wọ́.

Lánàá, wọ́n mú iná lọ. A fi gaàrí tútù dúró títí dìdájí, títí iṣẹ́ tèmi fi parí: mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa gbọ́ Yorùbá, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi ohùn Màámi dán an wò. Ó kọ "ọ̀jọ̀jọ̀" sílẹ̀, àmì orí rẹ̀ pé pérépéré.