Ẹ̀rí tí ó tó pé purotéènì méjì fara kanra nínú sẹ́ẹ̀lì

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń gbà wá àwọn purotéènì tí ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni kí wọ́n fọ́ sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n fa ọ̀kan jáde, kí wọ́n sì wo èyí tí ó bá a jáde. Ọ̀nà yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé àwọn tí ìdìmú wọn kò le yóò ti tú ká kí a tó ṣan ìdọ̀tí kúrò, àwọn mìíràn tí ibùgbé wọn nínú sẹ́ẹ̀lì kò pa wọ́n pọ̀ rí sì lè wá lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti dà pọ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè, FRET, ìyẹn ọgbọ́n tí a fi ń mọ̀ bóyá ohun méjì súnmọ́ra nípa agbára tí ó ń kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Theodor Förster ṣàlàyé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1948, ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. A ó so purotéènì tí ń tàn mọ́ àwọn méjì tí à ń ṣọ́, àwọ̀ ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ta èkíní jí, tí èkejì sì súnmọ́ ọn tó, agbára yóò kọjá láti ara èkíní, èkejì yóò sì tàn. Ìtòsí tí mo ń wí kò ju nǹkan bíi nanomita 10 lọ (nanomita kan jẹ́ ọ̀kan nínú mílíọ̀nù ìdá mìlímítà kan). Bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, ìyára tí agbára fi ń kọjá yóò di ọ̀kan nínú 64. Maikirosikóòpù lásán, tí kì í lè ya ohun tí àlàfo wọn kò tó nǹkan bíi nanomita 200 sọ́tọ̀, kò lè fún wa ní irú ẹ̀rí yìí, bí ó ti wù kí àwọ̀ méjèèjì bo ara wọn mọ́lẹ̀ tó. Síbẹ̀, bí agbára kò bá kọjá, ẹ má ṣe yára sọ pé wọn kò pàdé: ó lè jẹ́ pé ibi tí a so àwọn purotéènì tí ń tàn mọ́ ni ó jìnnà síra.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hu, Chinenov àti Kerppola gbé ọgbọ́n mìíràn jáde, èyí tí wọ́n fi pín purotéènì tí ń tàn sí abala méjì, tí wọ́n so abala kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀kan nínú àwọn purotéènì méjì tí wọ́n ń ṣọ́, tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní yọ àfi bí àwọn abala náà bá tún para pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n abala tí ó bá ti so pọ̀ kì í sábà tú mọ́, nítorí náà kò lè sọ ìgbà tí àwọn purotéènì yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Bí wọ́n bá sì pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn abala náà lè so pọ̀ fúnra wọn. Mo rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá lò ó pé kí ó yí ibi tí ọ̀kan nínú àwọn purotéènì náà fi ń di èkejì mú padà, kí ó rí i dájú pé iye rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kò yàtọ̀, kí ó sì tún wò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ náà kò bá dínkù, kì í ṣe ìfarakanra tí ó ń wá ni ó rí.